‘A’ Tí Àgbà Ológun Ń Sọ Kì Í Ṣe Irọ́

Ilé bàbá náà kò jìnnà sí títì ní Fìdítì, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́sàn ti máa ń to ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó àti máńgòrò sílẹ̀ de àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ogun Ojúkwu ni bàbá lọ. Mo gbé fóònù mi lé orí àpótí tó wà láàárín àwa méjèèjì, mo tẹ ibi tí yóò ti máa gba ohùn sílẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Bàbá wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí a wọ Bonny, Ọbásanjọ́ ni ọ̀gá wa. Inú omi la gbà wọ̀ ọ́. Omi mù wá dé ibí.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ sàmì sí àyà rẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wà lórí pèpéle, ó ti kàwé dé yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá àgbà, kì í ṣe Ọbásanjọ́ o. Adékúnlé ni.” Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo fóònù orí àpótí, ó dákẹ́. Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ bo orúnkún, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi wá. Títí mo fi dìde lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ iṣu àti ti òjò tó pẹ́ kó tó rọ̀ ló bá mi sọ.

Ohun tí ọmọ náà sọ tọ̀nà. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kó àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba orí omi wọ Bonny ní oṣù Keje 1967, àwọn tí a wá mọ̀ sí Third Marine Commando. Oṣù Karùn-ún 1969 ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ lẹ́yìn ìgbà tí ó sìn mí dé ojú títì ni mo ní àríyànjiyàn sí. Ó ní, “Ẹ má dà wọ́n lóhùn, sà. Wọn ò rántí nǹkan kan mọ́. Àlọ́ ni wọ́n ń pa.”

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn ìlú. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo bá ìgbìmọ̀ tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jókòó. Orúkọ ọba, orúkọ ìjòyè, ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Nígbà tí mo ní kí a fi ojú ìwé díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó lọ sógun láti ìlú náà, alága ní ìtàn ara wọn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìtàn ìlú. Ó ní ẹnu arọ́kin àti ẹnu àgbà ìdílé olóyè ni a ti ń gbọ́ ìtàn Yorùbá, pé àwọn òyìnbó ló kó àṣà gbígbé ẹ̀rọ sí ẹnu ṣọ́jà tó ti dàgbà wá.

Ẹni iyì ni alága náà, kò sì fi èké sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, àṣìṣe tó sì ń ná wa lówó tí a kò lè rí san mọ́ ni, nítorí náà ni mo fi fẹ́ tọ́ ọ.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn máa ń gbé sórí tábìlì. Samuel Johnson parí ìwé The History of the Yorubas ní Ọ̀yọ́ ní 1897, nígbà tó jẹ́ pásítọ̀ níbẹ̀. Láti Fìdítì sí ibi tó jókòó kọ ọ́ kò tó ìrìn àjò. Kò sí ìlú ní agbègbè Afijió tí kò fa nǹkan yọ nínú ìwé náà nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé. Àwọn tó ń fa nǹkan yọ nínú rẹ̀ kì í sábà ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Níbẹ̀, Johnson ya ibi tó ti rí ìtàn rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ti ayé àtijọ́, ti Odùduwà, Ọ̀rànmíyàn àti Ṣàngó, ó ní bí àwọn arọ́kin ṣe sọ ọ́ ni òun ṣe kọ ọ́. Ti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá sísàlẹ̀, ó ní ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, àti àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kópa níbẹ̀, ni òun ti gbọ́ ọ.

Ẹ gbé ìwé náà wò. Ti ìgbà Abíọ́dún wá sísàlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: Àfọ̀njá àti Ìlọrin, ìparun Ọ̀yọ́ Ilé, ìdìde Ìbàdàn, ogun Ìjàyè, Jálumi, Kírìjì. Apá tó jẹ́ ti àwọn arọ́kin, díẹ̀ ni. Ìyókù, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti jáde.

Ó sì dárúkọ wọn. Ó dárúkọ Josiah Oni, oníṣòwò tó rìn jìnnà. Ó dárúkọ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó sì dárúkọ ẹni kẹta, tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ: David Kukomi, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn. Ta ni Kukomi? Kì í ṣe balógun, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, kò jẹ Kakaǹfò. Johnson kò fi bò: ọmọ ogun lásán ni, ẹni tó bá wọn jagun ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni kékeré nínú ogun, tó sì lè sọ bí àwọn èèyàn ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń hùwà. Kò sí àmì ohùn lórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Kúkọ̀mí ni mo máa ń pè é. Ikú kọ̀ mí. Orúkọ tó yẹ ẹni tó ti ojú ogun bọ̀ tó sì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró díẹ̀ lọ́kàn yín. Ìwé tí ilé ẹjọ́ ń gbà, tí ààfin ń gbà, tí yunifásítì ń kọ́ni, orí ìrántí ọmọ ogun lásán kan tó ti dàgbà ni ọwọ̀n rẹ̀ kan dúró lé. Ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Hastings ní Sẹ̀rà Líónì ní 1846, tó dé Ìbàdàn ní 1858, ló jókòó ti bàbá náà, tó bi í léèrè, tó sì fi pamọ́ sórí ìwé. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó kankan kò rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ṣe é wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan náà: àwọn àgbà ń kú lọ, kò sì fẹ́ kí ìtàn ilẹ̀ baba wa bá wọn lọ. Ẹni tó bá ní àwọn òyìnbó ló kó àṣà yìí wá, kó padà lọ ka ojú ìwé yẹn.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ rí ogun kó tó dé ọwọ́ wa. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àkọsílẹ̀ tó kù, ó tún un kọ. Ní 1916, nígbà ogun Kaisa, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e lọ, wọ́n sì wà á dé Amẹ́ríkà. 1921 ni ó tó jáde. Ohun tí Kúkọ̀mí sọ la gbogbo ìyẹn kọjá.

Mo mọ̀ pé ọmọ ọmọ bàbá tó wà ní Fìdítì yóò dá mi lóhùn. Yóò ní Kúkọ̀mí rántí dáadáa ni, bàbá tòun kò rántí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Johnson ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni Kúkọ̀mí nígbà Abíọ́dún. Ọdún 1789 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé Abíọ́dún wàjà. Kí a tilẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 péré ni Kúkọ̀mí lọ́dún náà. Nígbà tí Johnson dé Ìbàdàn ní 1858, Kúkọ̀mí yóò ti pé 84, Johnson kò sì tíì pé 12. Kí Johnson tó di ẹni 20 ọdún, tó lè jókòó ti àgbà kó bi í ní ìbéèrè tó nítumọ̀, Kúkọ̀mí yóò ti di ẹni 92. Bí a bá sì fún un ní ọdún tó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jagun ní, yóò súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Èèyàn lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà fún. Bí ọmọ wa ṣe mú bàbá rẹ̀ lórí Bonny, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe lè mú Kúkọ̀mí lórí Abíọ́dún.

Ṣé kí a wá fa ojú ìwé Johnson ya? Kò sí onímọ̀ ìtàn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a béèrè irú ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ, lédè tó fi sọ ọ́.

Ibí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ti kọsẹ̀, àti ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tó ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè wa, ‘a’ kì í ṣe èmi àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan. Ẹ lọ sí agbolé èyíkéyìí ní Ìlọrà tàbí Awẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò sọ fún yín pé, “Láti Ọ̀yọ́ Ilé la ti wá.” Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ọdún wo ló kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ìyá tí kò tíì pé 50 lè wí pé, “Nígbà tí a jà ní Jálumi,” 1878 sì ni ogun Jálumi. Kò parọ́. ‘A’ náà ni agbo ilé rẹ̀, àtẹni tó wà láyé àtẹni tó ti lọ. Bí ó bá fẹ́ sọ pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́: ìṣojú mi ni, ojú mi yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló ṣe é. Bí ó bá sì fẹ́ sọ pé òun gbọ́ ọ ni, ‘wọ́n ní’ wà níbẹ̀, ‘bàbá mi máa ń sọ ọ́’ wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá ti ya ẹ̀rí ojú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí etí tipẹ́tipẹ́. Àwa tó ń gbọ́ ni a kì í fetí sí ìyàtọ̀ náà.

Ọmọ ogun tún ní ‘a’ tirẹ̀, tó fẹ̀ ju ti agbolé lọ. Ẹgbẹ́ ogun tó wà nínú rẹ̀ ti di ìdílé rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe kó tó wọ̀ ọ́, ‘a’ ni. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tó wà ní ọsibítù, ‘a’ ni. Èrò mi nìyí lórí Kúkọ̀mí: nígbà tó ń sọ ti ìgbà Abíọ́dún, ‘a’ ló ń sọ, Johnson tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́ ọ bí ‘èmi’. Ìtàn baba àti ti ẹ̀gbọ́n lè ti wọ inú tirẹ̀ bí odò kékeré ṣe ń wọ inú odò ńlá. Ìyẹn kò sọ ẹ̀rí rẹ̀ di asán. Ó sọ ọ́ di ẹ̀rí ìran méjì. Iṣẹ́ tiwa ni kí a mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n báyìí, Johnson ló sì fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́. Ó dárúkọ Kúkọ̀mí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Kò sọ pé ojú ìwé yìí, ẹnu Kúkọ̀mí ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí, Lágúnjú ni. Ohùn wọn dà pọ̀ mọ́ ohùn òǹkọ̀wé. Kò tún fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tí bàbá náà lò sílẹ̀ fún wa. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wa, ohùn kò dé. Ẹni tó ní fóònù lápò lónìí lè tún ibi tí Johnson ti ṣe àṣìṣe ṣe láàárín wákàtí kan.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohùn náà dé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmúrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà ogun Hítílà. Ọmọ ọdún 16 ni, kò sì sí ẹni tó fi tipá mú un. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fún un. Ó bá ọ̀wọ́ kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà. Ní oṣù Kẹta 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn ará Japan yọ sí wọn lójijì. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á ní ikùn. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ tán. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sẹ̀rà Líónì, wà nínú igbó, wọn kò lè lọ síbì kan. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹ̀mí rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ sì wà nínú ewu, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi rí wọn ní oṣù Kejìlá.

Fadoyebo padà sílé, ó tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. David Killingray, onímọ̀ ìtàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tún un tò, Yunifásítì Wisconsin sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, ọdún 55 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. A Stroke of Unbelievable Luck ni wọ́n pè é.

Ẹni tó bá ní àlọ́ ni àgbà ológun ń pa, kó gbọ́ ìyókù. Ní 2011, Barnaby Phillips tó jẹ́ akọ̀ròyìn Al Jazeera mú lẹ́tà Fadoyebo dání, ó wá ìdílé Shuyiman lọ sí Arakan ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì rántí àwọn ọkùnrin Áfíríkà méjì náà. Ọdún 67 ti kọjá. Ìtàn tí bàbá kan sọ ní Nàìjíríà bá ìtàn tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ ní etí odò Kaladan mu, láìjẹ́ pé ìkan gbọ́ ti èkejì rí. Fadoyebo kú ní 2012. Ó tó ọdún kan péré tí àyè ṣì fi wà láti ṣe é.

Ìtàn rẹ̀ tún wo àṣìṣe mìíràn sàn. A máa ń gbọ́ pé àwọn Hausa ló ja ogun Hítílà, pé akọ̀wé ni àwọn Yorùbá tó lọ, wọn kò rí ogun. Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí yé mi: kí ogun tó dé, láti òkè Ọya ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ìbọn, èdè Hausa sì ni wọ́n ń sọ ní bárékè. Nígbà tí ogun le, wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé, ẹni tó lè wa ọkọ̀, ẹni tó lè tọ́jú ọgbẹ́, wọ́n sì rí wọn ní ìhà tiwa. Fadoyebo kò sí lára àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìbọn yíyìn. Ìbọn kò bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú ọ̀wọ́ yẹn kan náà, ọ̀nà kò sí fún ọkọ̀, orí èèyàn ni ẹrù ogun fi ń rìn nínú igbó àti òkè. Aláàárù tó ru àpótí ọta wọ inú ìjà, ológun ni. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti pàdé ju ìdílé kan lọ tí wọn kò bi bàbá wọn ní nǹkan kan, wọ́n ní, “Dírẹ́fà ni wọ́n kúkú gbà á sí.”

Orúkọ ogun náà sì wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń ti Fìdítì lọ sí Mókọ́lá ní Ìbàdàn yóò rí Letmauk Barracks. Ní Èkó, Arakan wà ní Àpápá, Dodan wà ní Ìkòyí, Myohaung wà ní Yábàá. Ibi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Awakọ̀ ń pe Letmauk bí ibùdókọ̀. Àwọn tó lè sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Biyi Bándélé, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Kafanchan, gbọ́ ti Bọ́mà lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó lọ síbẹ̀. Ìyẹn ló di ìwé ìtàn àròsọ Burma Boy ní 2007. Ẹ fi í lé ti Fadoyebo lórí. Ta ló wá sọ pé àwọn bàbá wa kò fẹ́ sọ̀rọ̀? Wọ́n sọ ọ́. Ilé tí ẹnìkan ti jókòó gbọ́ ọ ni ó ti kù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu àgbà ológun jáde ni mo ní kí a gbé mì. Ẹni tó ń fọ́nnu wà. Ẹni tí ìtìjú ń ṣe, tó sì fo ibì kan kọjá, wà. Ẹni tó ti wo sinimá ogun tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti tirẹ̀ ti wọnú ara wọn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún àti orúkọ ọ̀gá dán àgbà wò, ibi tó ṣaláìlágbára jù lọ nínú ìrántí ló lọ dì mú. Ọmọ ogun kékeré kì í ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Kò mọ orúkọ ìlú tó ń sùn sí, ẹni tó bá pàṣẹ fún un ni ọ̀gá. Ohun tó mọ̀ wà ní ẹsẹ̀, ní ikùn, ní èjìká. Ibẹ̀ ló yẹ kí a gbà wọlé.

Ọ̀nà tí mo gbà padà lọ sọ́dọ̀ bàbá ní Fìdítì nìyẹn. Mo dúró kí ọmọ ọmọ rẹ̀ padà sí Ìbàdàn. N kò dárúkọ Bonny. Mo ní, “Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín, kí ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé yín lọ́wọ́?”

Ó ní bàtà ni. Ó tóbi ju ẹsẹ̀ òun lọ. Ìyá òun ya etí ìró kan, ó ní kí òun máa ki í bọ iwájú bàtà, òun sì ń ki í bẹ́ẹ̀ títí aṣọ náà fi di jákujàku. Ó bọ́ sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún hàn mí. Ó ti tẹ̀ wọlé sábẹ́ èkejì rẹ̀. Bàtà náà ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí, ní ọdún márùndínlógójì tí òun ti wà nílé yìí, òun kò mọ ohun tó ṣe ìka náà rí.

Mo ní, “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà?” Ó dáhùn kíá: “Àgbẹ̀kọ̀yà ni. Ọdún tí Àgbẹ̀kọ̀yà gbóná gan-an ni. Ọ̀nà ò dáa.”

Ìdáhùn náà nìyẹn. Ìjà àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ó sì gbóná jù ní 1969. Bàbá kò lè wà ní Bonny ní oṣù Keje 1967. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọṣẹ́ nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà gbóná, tí wọ́n sì kó o lọ bá Third Marine Commando, ọ̀gá tí yóò bá níbẹ̀ ni Ọbásanjọ́. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀ dáadáa. Kò ṣì í rárá. Bonny ni kì í ṣe tirẹ̀.

Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè. “Ti Bonny yẹn, bàbá, ṣé ìṣojú yín ni, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín?”

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Mo jẹ́ kó pẹ́. Mo ti kọ́ ọ pé ìdákẹ́ wà lára ohun tí à ń gbà sílẹ̀, kò yẹ kí a máa sáré fi ọ̀rọ̀ dí i. Ọkọ̀ epo kan kọjá lójú títì, àpótí tí fóònù wà lórí rẹ̀ gbọ̀n.

“Wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Àwa àti ẹnìkan la jọ wà nínú kòtò kan. Òun ló wọ Bonny. Alaalẹ́ ló ń sọ ọ́, bí omi ṣe tutù tó, bí iyọ̀ ṣe gbẹ mọ́ wọn lára. Nígbà tó yá, tí ó bá fo ibì kan, èmi ni máa ń rán an létí.” Ó tún dákẹ́. “Kò bá wa padà dé. Ó ku díẹ̀ kí ogun parí. Ta ni yóò wá máa sọ ọ́?”

Ìyẹn ni ‘a’ tí ọmọ yunifásítì pè ní irọ́. Bàbá ti gbé ìtàn òkú kan dání láti oṣù Kìn-ín-ní 1970 tí ogun parí, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an kò lè sọ ọ́ mọ́. Nínú fóònù mi, mo ní ẹ̀rí méjì tí mo rò pé ọ̀kan ni: ti ọmọ ogun 1969 láti Fìdítì, àti ti ọmọ ogun 1967 tí kò sí ìwé kankan tó mọ̀ ọ́n. Ká ní mo gba ọ̀rọ̀ ọmọ náà gbọ́ ni, àwọn méjèèjì ni ǹ bá pa rẹ́.

Mo ti ní ìlànà díẹ̀ láti ìgbà náà. Mo máa ń padà lọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, nítorí ohun tó bá yí padà láàárín ọjọ́ méjì ń kọ́ mi ní nǹkan, ohun tí kò yí padà náà sì ń kọ́ mi. N kì í ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ bàbá níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ Hausa tàbí ti bárékè tó bá lò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Níbi tó bá ti wí pé “má kọ èyí,” mo máa ń tẹ fóònù dúró kí ó lè fojú rí i pé mo tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tàbí tí oorun rẹ̀ kò bá dáa lẹ́yìn tí mo lọ, ìyẹn ju ìtàn èyíkéyìí lọ, mo sì máa ń dúró. Èyí tí Johnson kò ṣe ni mo máa ń rí i dájú pé mo ṣe kí n tó dìde: orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, èyí tó rí àti èyí tó gbọ́.

Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Ojúkwu bẹ̀rẹ̀ ti ń súnmọ́ ọgọ́rin báyìí, àwọn mìíràn ti kọjá rẹ̀. Ní gbogbo 15 oṣù Kìn-ín-ní ni à ń ṣe ìrántí àwọn ológun, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, tí wọ́n ń fi òdòdó lélẹ̀. Lọ́jọ́ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo yà ní Fìdítì. Bàbá ti rù díẹ̀. Mo fi ohùn ara rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó gbọ́ ọ títí, ó fi ọwọ́ kan bo etí kejì kí ariwo títì má baà dí i lọ́wọ́. Nígbà tó parí, kò béèrè bóyá wọ́n máa gbé e sínú ìwé.

Ó ní, “Ẹni tó sọ ti Bonny yẹn, o kọ orúkọ rẹ̀?”

Mo ní, “Mo ti kọ ọ́, sà.”

“Kà á kí n gbọ́.”

Mo kà á. Ó ní mo fi àmì sí ibi tí kò yẹ, ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún un kọ.